Ẹni Tó Kéré Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Ògiri

Agboolé Mọlémọlé,
Bẹ́yẹrúnkà,
Ìbàdàn.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì tún kí ọ kú oríire. Ìyá rẹ ń kí ọ, Làmídì ń kí ọ, tèwe tàgbà agboolé ń kí ọ. Ara gbogbo wa le. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó ti ìwé yìí láti ọjọ́ mẹ́ta, tí mò ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, tí àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bíríkìlà ti di akọ̀wé.

O mọ̀ pé akọ̀wé tó ń jókòó lẹ́sẹ̀ òkè Mápó ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà. Ti èyí kò ṣeé rò fún un. Ìtìjú mi wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Bẹẹrẹ ni mo gbójú lé. Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ lo máa ń yẹ síléètì mi wò, o máa ń ní, "Bàbá, ẹ tún èyí kọ," n óò sì tún un kọ. Jọ̀wọ́, rántí pé mo máa ń tún un kọ. Wà á rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bà mí lẹ́rù, kí o má baà rò pé ẹnìkan ló wá rojọ́ rẹ fún mi. Ọjọ́ tí o wá fi ìwé ìgbéga rẹ hàn wá ni. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ pa ìsọ̀ ìkòkò rẹ̀ tì ní Ọjà'ba, ó ń jó káàkiri agboolé bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fi jẹ olórí ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà lábẹ́ rẹ, ìwọ ọmọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ po ẹrẹ̀! O mú ọ̀kan nínú wọn wá, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ Fọlákẹ́. Mo bi yín pé aago mélòó ni lọ́rì yín yóò gbéra. O ní aago méjì. Fọlákẹ́ gbójú sókè, ó ní, "Sísítà, dírẹ́bà ní aago..." O kò jẹ́ kó parí rẹ̀. O wò ó lẹ́ẹ̀kan, o ní, "Ta ló bi ọ́?" Ọmọ náà tẹrí ba, ó ní, "Bí ẹ bá ti wí, mà."

Ẹ dé Oríta-mẹ́rin, lọ́rì ti lọ láti aago kan. Ẹ padà wálé wá sùn. O rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ni kò fẹ́ kí ẹ tètè lọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o lọ wẹ̀, mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní, "Ṣé o ti mọ̀ pé aago kan ni lọ́rì ń lọ?"

"Mo mọ̀, bàbá. Dírẹ́bà sọ fún mi nígbà tí mò ń sọ ẹrù wa kalẹ̀."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ ọ́ títí ẹ fi jáde nílé?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè mi kò lórí kò nídìí. Ó ní, "Sísítà ti sọ̀rọ̀, bàbá."

Àṣàkẹ́, àyà mi já. Ẹnìkan ti fi gbólóhùn yẹn dá mi lóhùn rí, lórí ẹní àìsàn, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má tún gbọ́ ọ mọ́. Lọ́rì nìkan ni ẹ pàdánù lọ́jọ́sí. Kí ni ẹ óò pàdánù lọ́jọ́ tí obìnrin kan bá ń rọbí, tí Fọlákẹ́ bá rí ẹ̀jẹ̀ tí ìwọ kò rí?

Mo sọ ẹ̀rù mi fún ìyá rẹ. Ìkòkò ló ń tò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ohùn ara yín ni ẹ gbọ́ tí ẹ ń sá. Èmi ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ń pàṣẹ fún ewúrẹ́. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ̀wé sí i." Ìyẹn ni mo ṣe jókòó. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ wò báyìí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Àkànjí, ilé alámọ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ. Ìpele kan ni à ń mọ lẹ́ẹ̀kan, a óò wá fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí ti ìsàlẹ̀ bá tutù, tòkè yóò tẹ̀ ẹ́ wó. Lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrẹ̀ sókè, gbogbo wa óò tò sẹ́bàá ògiri. Ẹni tó dé sẹ́nu iṣẹ́ kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, nínú àti lóde, yóò sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dé yóò wá ṣe tirẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe máa gòkè títí yóò fi kan ọ̀gá. Ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń dúró de ẹnu àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́. Ó ní, "Búráímọ̀, bí mo bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún sọ̀rọ̀ nínú yín?"

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí. Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, tí mo ní òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, ohun tí mo kọ́kọ́ pa rẹ́ nìyẹn. Mo ní àgbàlagbà náà rọ̀ jù ni. Mo fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù mi, wọ́n sì bẹ̀rù mi. Bí mo bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tó ń kọrin á dákẹ́. Mo rò pé ọ̀wọ̀ nìyẹn. Àṣàkẹ́, bí o bá wọ yàrá tí gbogbo ẹnu pa rọ́rọ́, má jẹ́ kí inú rẹ dùn. Ẹ̀rù ni kó bà ọ́.

Làmídì wá bá wa lọ́dún náà. Oko ló ti wá. Irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ti níyàwó, ṣùgbọ́n òun ló dé sẹ́nu iṣẹ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ilẹ̀ ju ọwọ́ tèmi lọ. Kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi sọ fún mi, lójú gbogbo wọn, pé omi pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ tí mo ní kí wọ́n pò. Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ní kí ó gbé agbada ẹrẹ̀ rù, kó fi yí ibi iṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn yòókù sì máa kí i pé, "Ọ̀gá Àná, ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ náà, pé àná ló dé tó ti fẹ́ ṣọ̀gá, mọ́ ọn lórí. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ilé tí à ń mọ nígbà náà, ti oníṣòwò obì kan ni, lẹ́yìn Ọjà'ba. Ó fẹ́ kó ti ní òrùlé kí Iléyá tó dé. Òjò sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Mo dé ibi iṣẹ́, mo fi ìka kan ògiri láti òde, níbi tí oòrùn ń pa. Ó le. Mo kọjú sí wọn, mo ní, "Ó ti gbẹ. Àbí ta ló ní kò gbẹ?" Ta ló fẹ́ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Làmídì ló ń ṣiṣẹ́ láti inú ilé, níbi tí oòrùn kò dé. Mo rí i tó la ẹnu. Mo ní, "Ọ̀gá Àná, ṣé nǹkan wà tí ẹ fẹ́ kọ́ wa ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnu dé, ó ní, "Bí ẹ bá ti wí, ọ̀gá."

A gbé ìpele kẹrin lé e. Mo ní kí Làmídì wọnú ilé, kó máa rẹ́ ògiri láti inú. Ó wọlé, ó sì mọ ibi tó ń wọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo gbọ́ ìró kan, kò dún ju kí ènìyàn mí kanlẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ògiri rọra yọ̀, òkè sì wó sínú. Eruku kò sọ rárá. Ẹrẹ̀ tútù kì í sọ eruku, gbogbo wa la sì rí i. A fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ kúrò títí a fi kan orí rẹ̀. Ó ń mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti dá sí méjì.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń to eegun rẹ̀. Mo bi í pé, "Làmídì, ṣé o mọ̀ pé kò gbẹ?" Ó ní òun mọ̀. Mo ní, "Kí ló wá dé tí o kò sọ?" Kò bínú. Ńṣe ló wò mí bí Fọlákẹ́ ṣe wò mí lọ́jọ́sí, ó ní, "Ẹ ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá."

O ti wá mọ ibi tí ẹ̀rù mi ti ń bọ̀. Mo fẹ́ sọ ìmọ̀ràn mi fún ọ báyìí. Bí kò bá tò lẹ́sẹẹsẹ, fọwọ́ mú un, kọ́rọ̀ má baà bọ́ sílẹ̀.

Ìkíní, tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dúró ti obìnrin tó ń rọbí, bi ẹni tó kéré jù nínú wọn pé kí ló rí. Kó o wá dákẹ́. Kì í ṣe pé kó o dákẹ́ kó o máa fi ojú halẹ̀ mọ́ ọn o. Mo mọ ojú yẹn, ojú mi ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Inú ògiri tí ọwọ́ rẹ kò dé, ẹnìkan wà tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìkejì, ẹni tó bá sọ òótọ́ tó korò fún ọ, má fi í ṣẹ̀sín láéláé, ìbáà jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Mo kan ń ṣeré ni, bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi nípa Ọ̀gá Àná yẹn. Ènìyàn kan ni mo fi ṣeré, ẹni mẹ́sàn-án ló gbọ́ pé kí àwọn panu mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀kẹta nira fún mi láti kọ. Nígbà tí onílé bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní Làmídì ló yọ̀ lórí àkàbà, tó sì fa ògiri lulẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú Làmídì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn àkàbà tí wọ́n sọ fún ọ láti kékeré nìyẹn, ìwọ tí o máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi ń tiro mú ọ lọ sí ilé ìwé. Kò sí àkàbà kankan, ọmọ mi. Bàbá rẹ ló purọ́. Mo fún un ní yàrá ní agboolé wa, mo ń bá a jẹun nínú abọ́ kan, gbogbo Bẹ́yẹrúnkà ń yìn mí pé mo láàánú. Mo gba ìyìn náà. Nítorí náà, bí o bá ṣìṣe, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ lójú àwọn tí o jẹ́ olórí wọn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá sùn mọ́jú, á di ìtàn. Bẹ̀rẹ̀ látorí Fọlákẹ́. Bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ lọ́rì yẹn, lójú àwọn márùn-ún yòókù. Mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́.

Má sì ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kó o di ẹni tí kò lè pàṣẹ. Bàbá Àkànjí a gbọ́ ti gbogbo wa tán, òun náà ló sì máa ń ní, "Ẹ gbé ẹrẹ̀," tàbí, "Ẹ máa lọ sílé." Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, a ò tún jiyàn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ tìrẹ, ìwọ náà lo sì máa ru ẹ̀bi rẹ̀. Mo tún fẹ́ kó o fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Èmi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ igun ilé, mo ní wọn óò bà á jẹ́. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún kan, kò sẹ́ni tó lè mọ igun, ilé dúró bẹ́ẹ̀, òjò pa á wó. Ohun tí o bá mọ̀ tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ kò mọ̀, ọjọ́ tí o kò bá sí níbẹ̀ ni yóò pa ènìyàn.

Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo mọ̀ pé o lè máa wò ó pé bàbá ti darúgbó, pé ojo ti mú un. Bẹ́ẹ̀ ni, ojo mú mi. Bí mo bá gba ìhà Yemẹtu kọjá, tí mo rí àwọn aláboyún tí wọ́n ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, ìwọ ni mo ń rò, jìnnìjìnnì á sì bò mí. Mo bí ọ, mo fún ọ ní ojú mi, mo sì fún ọ ní ohùn mi. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ pé mo fún ọ ní ògiri mi náà.

Mo rò pé mo ti parí ìwé yìí lánàá. Mo pe Làmídì, mo ní kó jókòó, nítorí kò tọ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ọ. Mo kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ó ní, "Bí ẹ bá ti wí, ọ̀gá."

Àṣàkẹ́, ó tún wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kà yẹn! Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo ní, "Làmídì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́." Lẹ́yìn náà mo pa ẹnu mi mọ́. Ìyá rẹ wọlé, ó gbé ìkòkò méjì, ó tún jáde. Ẹnu ń yún mi láti sọ̀rọ̀, mo fi eyín di ètè mú. Nígbà tó pẹ́, Làmídì ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe ọjọ́ Àlàmísì."

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni. A ti fọwọ́ fọsẹ̀, a fẹ́ lọ kírun. Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí, pé ìpele kẹrin ni ìrun tiwa lónìí. Nígbà tí ẹ ń fọwọ́ wa ẹrẹ̀ lórí mi, mò ń gbọ́ ohùn lèmọ́mù."

Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ọmọ mi. Mo ti fi ọjọ́ mìíràn bo ọjọ́ náà nínú orí mi, mo sì gbà á gbọ́. Ẹni mẹ́sàn-án ló mọ̀, àwọn tó ti kú ti gbé e lọ, àwọn tó kù ń kí mi lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Má bínú pé n kò pa Àlàmísì tí mo kọ sókè rẹ́. Mo fi í sílẹ̀ kó o lè rí ohun tí ẹni tí wọn kì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń dà.

Ọdún méjìlélógún ló gbà mí kí n tó gbọ́ ẹyọ "kì í ṣe bẹ́ẹ̀" kan lẹ́nu Làmídì. Ọmọ tó ń bọ̀ wá sáyé kò ní dúró dè ọ́ fún ìṣẹ́jú méjìlélógún. Bí o bá ka ìwé yìí tán, lọ pe Fọlákẹ́.

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́, á sì ṣọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ tó bá gba ọwọ́ rẹ kọjá. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣìṣe nínú ìwé yìí, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. N óò tún un kọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búráímọ̀.